Ọwọ́ Bàbá Lórí Ọ̀pá Pupa

Nígbà tí àgbàrá gbé afárá lọ lójú ọ̀nà mọ́tò tó gòkè lọ sí ìlú orí òkè, gbogbo ilé ló káwọ́ lérí, àfi bàbá ọkọ Ìyàwó nìkan. Òun ní kò sóhun tó burú níbẹ̀.

Ó ní, "Kí la wá ní bàálù fún?"

Bàálù náà wà lóòótọ́. Bàálù kékeré oníjókòó mẹ́rin ni, ẹ́ńjìnnì kan níwájú, abẹ̀bẹ̀ kan nímú, ọjọ́ orí rẹ̀ sì ju ti Ìyàwó lọ. Abẹ́ òrùlé páànù kan ló wà ní pápá bàálù etí òkun, Bàbá a sì máa lọ nù ún bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun. Awabàálù ni Bàbá. Ó ti gbé lẹ́tà àti oògùn káàkiri àwọn ìlú etí òkun títí irun rẹ̀ fi funfun. Dókítà ló gbé e sọ̀kalẹ̀ ní tipátipá: ó gbé ẹ̀rọ lé e láyà, ó ní ọkàn rẹ̀ ń lù bí ẹni tó ń tiro, ó sì gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, oníṣègùn eyín ni, àkàbà lásán sì ń já a láyà. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ọmọkùnrin yìí wá sọ nílé pé awabàálù lòun fẹ́ fi ṣaya, Bàbá fò dìde lórí àga, ó ní, "Ọlọ́run ò sùn!" Kò tilẹ̀ bi í léèrè bóyá ọmọ náà mọ oúnjẹ sè.

Láti ìgbà náà, Ìyàwó ló ń wa bàálù Bàbá, Bàbá á sì jókòó sápá ọ̀tún rẹ̀. Kò sí ìjà rí. Ìyàwó mọ iṣẹ́, Bàbá mọ̀ pé ó mọ̀ ọ́n. Àmọ́ Ìyàwó kì í jẹ́ kó rí bí ẹni pé òun ló ń pàṣẹ. Bó bá fẹ́ yà sápá òsì, á ní, "Bàbá, ṣé ká yà síbí?" Bàbá á ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀," inú oníkálukú á sì dùn.

Ẹ̀gbọ́n Bàbá ni wọ́n fẹ́ lọ gbé, obìnrin kan tí gbogbo wọn ń pè ní Màmá Àgbà. Orúnkún ti ń dùn ún, àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ sì ti di ogun. Ó ti gbà nígbẹ̀yìn gbẹ́yín láti wá máa gbé lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ nísàlẹ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ la pápá bàálù sí ìlú òkè náà ni. Kò sí níbẹ̀ nígbà tí Bàbá ṣì ń ṣiṣẹ́. Bí Bàbá ti pẹ́ lójú òfurufú tó, kò gbéra láti orí òkè rí.

Wọ́n fi àárọ̀ gbéra, nígbà tí ìrì ṣì wà lórí apá bàálù. Nínú irú bàálù bẹ́ẹ̀, ọ̀pá méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn níwájú awakọ̀. Ọ̀pá dúdú ló ń sọ fún ẹ́ńjìnnì pé kó sáré tàbí kó rọra. Ọ̀pá pupa ló ń díwọ̀n epo tó máa pò mọ́ afẹ́fẹ́ kó tó wọ inú sìlíńdà lọ jó. Tì í síwájú, epo á pọ̀. Fà á sẹ́yìn, epo á dín kù. Fà á dópin, ẹ́ńjìnnì á kú. Létí òkun, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ki, àṣẹ kan ṣoṣo ló wà: kí a tó gbéra, kí ọ̀pá pupa lọ síwájú pátápátá. Epo tó lé díẹ̀ yẹn ló ń tu ẹ́ńjìnnì lára nígbà tó bá ń fi gbogbo agbára rẹ̀ ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá ń ṣahun epo níbẹ̀, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ló ń yan jẹ.

Bàbá ò kọ́ èyí nínú ìwé. Nígbà tó ṣì ń kọ́ṣẹ́, ó rí písítìnì tí wọ́n yọ nínú ẹ́ńjìnnì ọ̀gá rẹ̀. Orí rẹ̀ ti yọ́ bí àbẹ́là. Ọ̀gá náà ló fa ọ̀pá pupa sẹ́yìn láìtíì gòkè tán, nítorí pé ó fẹ́ kí epo pẹ́ lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà, kí Bàbá tó gbéra, á fi àtẹ́lẹwọ́ ti ọ̀pá pupa síwájú, á tún tì í lẹ́ẹ̀kejì bí ẹni ń ti ilẹ̀kùn lóru. Láàárọ̀ ọjọ́ yìí, Ìyàwó tì í síwájú, Bàbá náà sì na ọwọ́, ó tẹ̀ ẹ́ wò. Ìyàwó rẹ́rìn-ín músẹ́. Kò sóhun tó burú nínú ẹ̀.

Bí wọ́n ti ń gòkè, Ìyàwó ń fa ọ̀pá pupa sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, nítorí bí a bá ṣe ń lọ sókè ni afẹ́fẹ́ ń fẹ́lẹ́, bí epo ò bá sì dín kù bá a, àpọ̀jù epo á máa pa iná inú ẹ́ńjìnnì bí ẹni da igi tútù sínú àdìrò. Bàbá mọ èyí dáadáa. Ó ń mi orí sí i. Wọ́n bá òkè pàdé nínú ìkùukùu funfun, wọ́n balẹ̀ láìsí wàhálà.

Ìyàwó ti rò pé kí oòrùn tó mú, àwọn á ti padà. Màmá Àgbà ò rò bẹ́ẹ̀. Ó ti di ẹrù, ó ti tú u, ó tún ń dì í. Àwọn aládùúgbò ń gòkè àtẹ̀gùn lọ́kọ̀ọ̀kan láti wá dágbére, oníkálukú sì ń jókòó. Láàárín yàrá ni ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà, irin dúdú tó wúwo bí òkúta, àti àpótí aṣọ ńlá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ìyàwó ní, "Màmá, ẹ má bínú. A ò lè gbé méjèèjì. Wọ́n ti wúwo jù fún bàálù wa."

"Èwo ló wúwo? Èmi tí orúnkún ń dùn ni mo gbé ẹ̀rọ yìí wọlé lọ́jọ́sí."

Bàbá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́ ohun tó ń sọ."

"Ìwọ àbúrò yìí, dákẹ́. Ìyàwó ni mò ń bá sọ̀rọ̀."

Wọ́n ṣe é títí, Màmá Àgbà fi àpótí sílẹ̀ fún aládùúgbò pé kó máa fi ránṣẹ́ nígbà tí afárá bá tún di afárá. Ó ní ẹ̀rọ ìránṣọ kò ní kẹ́yìn òun. Nígbà tí wọ́n fi máa dé pápá, oòrùn ti wà ní àtàrí, ojú pápá ń dán yìnrìn bí omi. Ìyàwó dúró, ó wo àpò aṣọ tó ń júwe ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Ó so jọwọlọ sára òpó bí ẹni tí kò jẹun. Gíga òkè ti jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́, ooru tún wá nà án sí i.

Orí òkè bí èyí ni Ìyàwó ti kọ́ṣẹ́. Kò já a láyà. Lẹ́yìn tí oníkálukú ti jókòó, ó wa bàálù lọ sí ìdí pápá, ó tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, ó ti ọ̀pá dúdú dópin, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọ̀pá pupa sẹ́yìn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ohùn ẹ́ńjìnnì là, aago tó ń ka bó ṣe ń yí sì ń gùn sókè. Nígbà tó dé góńgó tó fẹ́ máa bọ̀ wálẹ̀, ó ti ọ̀pá pupa síwájú díẹ̀, ó fi í síbẹ̀. Ìwọ̀n tí ẹ́ńjìnnì fẹ́ níbẹ̀ nìyẹn.

Ní gbogbo ìgbà yìí, Bàbá ti yíjú sẹ́yìn, ó ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ di bẹ́líìtì, àwọn méjèèjì sì ń jiyàn lórí ibi tí irin rẹ̀ ń gbà wọlé. Kò rí nǹkan kan. Ìyàwó rí i pé kò rí i. Ó yẹ kó sọ fún un. Ó tilẹ̀ ti la ẹnu, ṣùgbọ́n ó rò ó pé, báwo ni òun ṣe máa jókòó máa kọ́ bàbá ọkọ òun ní bàálù bàbá ọkọ òun, níṣojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀? Ó pa ẹnu dé.

Ó tú bíréèkì sílẹ̀. Bàálù bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, ó ń lọ dáadáa, kò yára púpọ̀, bó ṣe máa ń rí lórí òkè. Bàbá yíjú padà síwájú. Ojú rẹ̀ bọ́ sórí ọ̀pá pupa tó wà lẹ́yìn níbi tí kò rí i rí lákòókò ìgbéra. Ó rò pé Ìyàwó gbàgbé ni, ó rò ti písítìnì tó yọ́, ọwọ́ rẹ̀ sì ti ṣe é tán kí ó tó ronú délẹ̀: ó fi àtẹ́lẹwọ́ ti ọ̀pá pupa síwájú pátápátá.

Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì wúkọ́. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kejì, gbogbo ara bàálù ń gbọ̀n, èéfín dúdú sì fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kọjá. Aago ẹ́ńjìnnì já wálẹ̀. Táyà ṣì wà nílẹ̀, òpin pápá sì ń bọ̀. Lẹ́yìn òpin pápá, àfonífojì ni.

Ìyàwó mọ̀ pé òun lè gba ọ̀pá náà padà, kí òun sì máa sáré lọ, bóyá agbára á padà lásìkò. Ọ̀rọ̀ bóyá yẹn ni kò fẹ́.

Ó jágbe, "Ẹ gbọ́wọ́ kúrò níbẹ̀!" Ó fa ọ̀pá dúdú sẹ́yìn, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ bíréèkì. Táyà ké. Ẹ̀rọ ìránṣọ fi orí gbá ẹ̀yìn àga Bàbá gbàù. Bàálù fì sọ́tùn-ún, ó fì sósì, ó sì dúró, nígbà tí ojú pápá ṣì kù díẹ̀ níwájú wọn.

Abẹ̀bẹ̀ ń yí jẹ́ẹ́jẹ́.

Màmá Àgbà ló kọ́kọ́ lanu. "Ṣé a ti dé ni?"

Ìyàwó rọra wa bàálù kúrò lójú pápá lọ sínú koríko, ó pa ẹ́ńjìnnì. Ọkùnrin tó ń darí àwọn bàálù ní pápá náà béèrè lórí rédíò bóyá wọ́n nílò ìrànlọ́wọ́, ó dá a lóhùn pé rárá, àwọn fẹ́ yẹ nǹkan kan wò ni.

Bàbá ní, "Ìyàwó, o gbàgbé ọ̀pá pupa."

"Mi ò gbàgbé, Bàbá. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fà á sẹ́yìn ni."

"Kí o tó gbéra? Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Níbí, gbogbo wa ni."

Bàbá mí kanlẹ̀. "Láti ìgbà tí mo ti ń wa bàálù, mi ò rí i rí. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà."

Màmá Àgbà nawọ́ láti ẹ̀yìn, ó fi ìka kan gbá a léjìká. "Àkísà yẹn náà lo fẹ́ fi dì wá lójú kí o tó jù wá sínú kòtò? Ọmọ ń wakọ̀, o nawọ́ sí ohun tó ń wà. Ṣé nígbà tí mò ń ránṣọ, ìwọ lò ń bá mi yí ẹ̀rọ ni?"

"Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yìí ò yé yín."

"Kò yé mi. Àmọ́ mo gbọ́ bó ṣe wúkọ́."

Bàbá náà gbọ́ ọ. Ó bọ́ fìlà, ó tún dé e. Ìyàwó rí i pé ojú ń tì í, ìyẹn sì dun ún ju ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ. Ó kọjú sí i.

"Bàbá, ẹ má bínú pé mo jágbe mọ́ yín. Kò yẹ bẹ́ẹ̀. Ó sì yẹ kí n ti sọ fún yín kí a tó gbéra, èmi ni mi ò sọ. Àmọ́ bí ẹ bá tún fọwọ́ kàn án láìjẹ́ pé mo ní kí ẹ fọwọ́ kàn án, màá tún dúró. Bí a bá dúró títí ilẹ̀ fi ṣú, a ò ní lọ."

Irú ọ̀rọ̀ báyìí ò jáde lẹ́nu Ìyàwó sí Bàbá rí. Bàbá wò ó, ó pẹ́ kó tó mójú kúrò. Lẹ́yìn náà ló ní, "Kí ló dé tó fi wúkọ́? Ṣàlàyé fún mi."

"Màá jẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ fúnra yín."

Ó tún ẹ́ńjìnnì dá, wọ́n padà sí ìdí pápá. Ó tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, ó ti ọ̀pá dúdú dópin, ó sì ti pupa náà dópin bí Bàbá ṣe fẹ́ ẹ. Ẹ́ńjìnnì ń kùn, ó ń kólòlò bí ẹni tó gbé omi sẹ́nu tó fẹ́ sọ̀rọ̀.

"Ẹ gbé ọwọ́ yín lé pupa, Bàbá. Ẹ rọra máa fà á."

Bàbá fà á. Ó ń fà á bí ẹni ń fa ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọdé. Díẹ̀díẹ̀, kíkùn náà ń lọ, ohùn ń dán, aago ń gùn. Bàálù bẹ̀rẹ̀ sí í fa bíréèkì bí ajá tó rí ọ̀nà.

"Ẹ máa fà á."

Ó fà á sí i. Aago dúró, ó sì fẹ́ máa padà wálẹ̀.

"Ẹ tì í síwájú díẹ̀. Díẹ̀ sí i. Ó tó."

Bàbá fi ọwọ́ síbẹ̀ fúngbà díẹ̀, ó tẹ́tí. Ẹni tó ti fi etí gbọ́ ẹ́ńjìnnì tó báyìí kò nílò kí ẹnikẹ́ni tún sọ fún un pé èyí ló dáa. Ó gbé ọwọ́ kúrò, ó gbé e lé orúnkún ara rẹ̀.

Ó ní, "Ebi afẹ́fẹ́ ló ń pa á. Epo lèmi sì ń rọ́ sí i lẹ́nu."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ó dáa. Máa lọ."

Ìyàwó ò fẹ́ kó jókòó lásán pẹ̀lú ìtìjú lórí òkè bẹ́ẹ̀. Kí ó tó tú bíréèkì, ó ní, "Ẹ bá mi wo aago ooru sìlíńdà o. Ojú mi máa wà lórí àwọn òkè iwájú. Bó bá ti ń gun ilà pupa, ẹ sọ fún mi."

Wọ́n sáré. Pápá gùn lójú wọn, àmọ́ ẹ́ńjìnnì ń kọrin, táyà sì kúrò nílẹ̀ níbi tí Ìyàwó ti sọ pé á ti kúrò. Àfonífojì là lábẹ́ wọn. Màmá Àgbà di ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ mú bí ẹni di ọmọ mú, ó dijú.

Bàbá gba iṣẹ́ tí wọ́n fún un tọkàntọkàn. Kò mójú kúrò lára aago. "Ó wà dáadáa," ó ní. Kò pẹ́, ó ní, "Ó ṣì wà dáadáa." Ìyàwó ní ẹ ṣé. "Ó gùn sí i ní ìwọ̀n ìbú ẹ̀kanná." Ẹ ṣé, Bàbá. "Ó dúró." Ó ń bọ̀ wá sú Ìyàwó, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ pé kó jẹ́ kí òun gbádùn.

Níwájú wọn, ògiri òkè kan wà tí wọ́n gbọ́dọ̀ kọjá lókè rẹ̀. Ìyàwó gbé imú bàálù sókè kó lè tètè ga. Ó ń ga lóòótọ́, àmọ́ eré rẹ̀ ń dín kù, afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ sí ẹ́ńjìnnì lára sì ń dín kù bá a. Ojú rẹ̀ wà lórí òkè, kò wo ibòmíràn.

Ohùn Bàbá yí padà. "Ìyàwó. Ó ń gùn, kò dúró mọ́. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilà."

Ìyàwó bojú wo aago. Òótọ́ ni. Sìlíńdà kan ti gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, òun ò sì rí i. Ó tẹ imú bàálù wálẹ̀ díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọlé.

Ó ní, "Ẹ ti pupa síwájú díẹ̀, Bàbá."

"Èmi?"

"Ẹ̀yin."

Bàbá na ọwọ́. Ó tì í ní ìwọ̀n tí oníṣẹ́ máa ń tì í, kò pọ̀, kò kéré, ó tẹ́tí bóyá ẹ́ńjìnnì á bínú. Kò bínú. Ìyàwó yà sí ẹ̀gbẹ́ ògiri òkè, ó yí po lẹ́ẹ̀kan lórí àfonífojì láti ga sí i dípò kó máa fi agídí gùn ún. Abẹ́rẹ́ aago ooru dúró, ó ronú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Nígbà tí wọ́n máa fi kọjá lórí òkè, àyè tó wà lábẹ́ wọn pọ̀ tó láti gba ilé alájà mélòó kan.

Bàbá ní, "Ó ti wálẹ̀."

"Ẹ ṣeun, Bàbá. Mi ò rí i." Ìyàwó sọ ọ́ gan-an bó ṣe rí.

Òkun hàn lọ́nà jíjìn. Màmá Àgbà la ojú, ó ní ta ló gbé gbogbo omi yìí síbẹ̀, ó sì sùn lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́, gbogbo wọn jókòó nídìí tábìlì. Ọkọ Ìyàwó béèrè bí ìrìn àjò ṣe rí.

Bàbá ní, "Ó dáa. A kọ́kọ́ fẹ́ gbéra, ẹ́ńjìnnì ò dáhùn dáadáa, a sì dúró."

Màmá Àgbà gbé ṣíbí sílẹ̀. "Ta ló ń jẹ́ a?"

Ìyàwó tẹjú mọ́ abọ́. Ọkọ rẹ̀ ń wo gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń wá eyín tó ń ro. Bàbá kọ́kọ́ jẹ oúnjẹ ẹnu rẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín, tó ní, "Èmi ni. Mo nawọ́ sí ohun tí wọn ò ní kí n nawọ́ sí, ìyàwó rẹ sì jágbe mọ́ mi. Ọpẹ́lọpẹ́ igbe ọ̀hún." Ó wá fi ṣíbí àti fọ́ọ̀kì ṣe ọ̀pá méjì lórí tábìlì, ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ epo àti afẹ́fẹ́ fún ọmọ rẹ̀ títí oúnjẹ fi tutù. Ọmọ náà ò gbọ́ ju pé àfonífojì kan wà níbẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ náà kò tán síbẹ̀. Àwọn àgbà awabàálù bíi ti Bàbá ní bẹ́ǹṣì kan lábẹ́ igi ní ẹnu ọ̀nà pápá, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń jókòó wá àṣìṣe àwọn ọ̀dọ́ tó ń balẹ̀. Bàbá lọ ròyìn níbẹ̀. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ lù ú. Ọ̀kan nínú wọn tó pá lórí, tí ohùn rẹ̀ ga jù, ní kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, pé fífà ọ̀pá pupa sẹ́yìn kí a tó gbéra, ìgbẹ̀mí ara ẹni ni, pé ọmọdé ló fi ìyẹn tan Bàbá jẹ.

Bàbá ò bá a jà. Ó wá bá Ìyàwó nílé, ó ní ṣé kò ní ṣòro láti gbé ọkùnrin apárí náà gòkè lọ́jọ́ kan tí iṣẹ́ ò bá pọ̀, kó gbọ́ ọ pẹ̀lú etí ara rẹ̀. Ìyàwó ní kò ṣòro. Wọ́n lọ, wọ́n sì mú àpótí aṣọ Màmá Àgbà bọ̀. Ní ìdí pápá òkè, apárí nawọ́ láti ẹ̀yìn di ọ̀pá pupa mú, ó fà á, ó gbọ́ bí ohùn ẹ́ńjìnnì ṣe là. Ó fà á lẹ́ẹ̀kejì.

Nígbà tí wọ́n bi í léèrè lórí bẹ́ǹṣì, ó ní òun ò tíì gbà. Ó ní ó dà bíi pé kí wọ́n tún gbé òun lọ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí òun lè gbọ́ ọ dáadáa, àti pé lọ́tẹ̀ yìí, iwájú lòun fẹ́ jókòó sí.